Kòtò Tí Mo Kọ̀ Láti Dí

Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì fi bírò pupa yí àárín ìwé mi po, ó ní, "Madam, ẹ yọ eléyìí kúrò."

Ohun tó yí po yẹn kò tóbi. Ìlà kan ni mo yà, ìlà tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín kù láàárín ọjọ́ kan àti wákàtí díẹ̀. Ìlà náà ń lọ, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ arúgbó, lójijì ló wá já wálẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó sì tún gòkè padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Ó dà bí ọkọ̀ tó ń sáré lórí títì dídán tó wá bọ́ sí kòtò. Nítorí náà, kòtò ni mo máa ń pè é.

"Kí ló dé tí màá fi yọ ọ́, sà?"

"Àṣìṣe ni. Ìràwọ̀ kọ́ ló ṣe é, sátẹ́láìtì tó ń wò ó ló ṣe é. Ẹ dí i, kí ìlà yẹn lọ tààrà, ká lè rí ohun tá a fẹ́ kọ."

Mo kó ìwé mi jọ. Mo ní, "Mi ò lè dí i, sà, àfi tí mo bá mọ ohun tó gbẹ́ ẹ."

Ó wò mí. Ọ̀gá mi yìí kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ìyẹn náà sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa rọrùn. Ó máa ń pè mí ní Madam, ó máa ń fún mi ní àga kí n tó jókòó, ṣùgbọ́n tó bá ti dọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama. Ó ní, "Ẹ lọ rò ó dáadáa," ó sì yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Inú bí mi débi pé mo rìn kọjá ibùdókọ̀ kí n tó rántí pé ilé ni mò ń lọ.

Olùkọ́ físíìsì ni mí, ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Kétu. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì kí n tó padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, ni mo bá kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi ní Ìkòsí kí n lè máa tọ́jú wọn. Apá Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti wá sí Èkó nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Wẹ́dà ni wọ́n, iná ni wọ́n fi ń jó irin pọ̀. Kò sí bí o ṣe máa rìn láti ilé wa dé Mile 12 tí o ò ní kọjá níwájú géètì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn jó. Wọ́n tún máa ń jó ẹ̀yìn àwọn tírélà tó ń kó tòmátì àti àlùbọ́sà wọ ọjà, nígbà tí irin wọn bá là lọ́nà.

Inú ṣọ́ọ̀bù wọn ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ fún mi. Bàbá mi ló kọ́ mi pé irin máa ń fi àwọ̀ sọ bó ṣe gbóná tó. Á kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyín iná, á wá dà bí ara ọsàn tó pọ́n, á tún mọ́lẹ̀ sí i, títí á fi funfun tí ojú ò ní lè gbà á. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé, "Tó bá wá gbóná ju funfun lọ ńkọ́, Bàámi?" Wọ́n ní irin á ti yọ́ dànù nígbà náà, kí n má da àwọn láàmú. Mo ti dàgbà kí n tó rí ìdáhùn náà nínú ìwé. Bí nǹkan bá gbóná kọjá gbogbo àwọ̀ tí ojú mọ̀, tó gbóná dé ibi tí ẹnu ò lè ròyìn, X-ray ló máa tàn. Irú X-ray tí wọ́n fi ń ya egungun ní ọsibítù yẹn náà ni.

Àwọn ìràwọ̀ tí mò ń wò gbóná bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ méjì ló ń yí ara wọn po. Ọ̀kan ti kú, nígbà tó sì kú, ó wó sínú ara rẹ̀, débi pé ìwúwo tó ju ti oòrùn lọ wá há sínú ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju láti Kétu dé Ìkòròdù lọ. Èkejì ṣì wà láàyè. Òkú yìí ló wá ń jẹ alààyè. Ó ń fa ẹran ara rẹ̀, bí mo bá lè pè é bẹ́ẹ̀, ohun tó ń fà náà ń yí bìrìbìrì bí omi tó ń wọ ojú ihò síǹkì, ó ń ha ara rẹ̀ bó ṣe ń yí, ó sì ń gbóná sí i. Kó tó já sára òkú náà, X-ray ló ń tú jáde lára rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tá à ń mí kì í jẹ́ kí X-ray yẹn dé ilẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nítorí náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó gbé sátẹ́láìtì lọ sókè láti máa wò ó. Bí àwọn tó kọ́kọ́ tọrọ pé kó bá wọn wo ìràwọ̀ kan bá ti lo dátà wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó rí, fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Gbogbo ayé ni wọ́n sọ. Ìkòsí wà nínú ayé.

Àwọn ará àdúgbò rò pé mo máa ń gun òrùlé láàárín òru. Ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń ṣiṣẹ́ tèmi, nínú yàrá, pẹ̀lú fáànù, bí iná bá wà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi fi bírò pupa yẹn sàmì sí ìwé mi, bàbá mi wà lórí àga wọn ní fáràńdà. Iná wẹ́dà ti ba ojú wọn jẹ́ díẹ̀, wọn kì í tètè rí ohun tó wà lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìrìn mi.

Wọ́n ní, "Ta ló bú ọ?"

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló já wálẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀meje, Bàámi."

"Ṣé bó ṣe wù ú ló ń já, àbí ó ní àkókò?"

"Ó jọ pé ó ní àkókò. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ìkòròdù Road, iná ẹ̀rọ mi á kàn ṣàdédé rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn oníbàárà ní ẹ̀rọ mi ti gbó, kí n lọ ra òmíràn. Mi ò dá wọn lóhùn. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣe é, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo rí i pé ìgbà tí ìyá tó ń lọ ata lẹ́yìn wa bá tan ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Ìwọ náà gbọ́: bí àṣìṣe bá ti mọ aago wò, ó ti kúrò ní àṣìṣe. Ẹnìkan ló ń ṣe é."

"Ọ̀gá mi ní sátẹ́láìtì ló ń ṣe é."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ̀? Lọ wo aago ti sátẹ́láìtì náà."

Ohun tí mo ṣe nìyẹn fún Sátidé mẹ́ta. Sátẹ́láìtì yẹn máa ń yí ayé po ní nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Bó bá jẹ́ òun ló ń gbẹ́ kòtò mi, kòtò náà á máa bá ìrìn tirẹ̀ rìn. Kò bá a rìn. Mo ṣe ìṣirò náà síwájú, mo ṣe é sẹ́yìn, kò bá a rìn. Mo wá dátà méjì mìíràn jáde, ti ìràwọ̀ kan náà, tí sátẹ́láìtì àtijọ́ kan kó sílẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nínú àkọ́kọ́, kòtò wà níbẹ̀, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo pariwo lórí àga.

Nínú èkejì, kò sí nǹkan kan. Ìlà náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀.

Màá sọ òtítọ́. Ó ṣe mí bíi pé kí n pa fáìlì yẹn dé kí n má sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo rí i. Mo tiẹ̀ dìde, mo lọ mu omi. Ìgbà tí mo padà wá jókòó ni ojú tì mí. Ọ̀gá mi ní kí n yọ ohun tí òun ò fẹ́ rí, inú sì ń bí mi sí i láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èmi náà wá fẹ́ yọ ohun tí èmi ò fẹ́ rí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i: èkejì kò ní kòtò, mi ò mọ ìdí.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀gá mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fìrí.

"Kò bá ìrìn sátẹ́láìtì mu, mo gbà. Ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ máa ń gbóná, ó máa ń tutù, ó lè ní aago tirẹ̀. Ọ̀kan nínú dátà yín kò tiẹ̀ ní i rárá. Madam, ẹ ń fi àkókò ṣòfò." Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó yọ fọ́ọ̀mù kan. "Ẹ yí àkòrí padà. Ẹ ṣe iṣẹ́ lórí omíyalé. Ẹ ò rí omi tó ń wọlé àwọn èèyàn ní Àgbóyì, ní Mile 12, ní ẹ̀yìn ilé yín lọ́dọọdún? Ohun tó kan yín nìyẹn. Kí ni ìràwọ̀ tí ojú ò lè rí fẹ́ ṣe fún ará ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe wa yìí?"

Mo wo fọ́ọ̀mù náà. Ó ti bá mi kọ àkòrí tuntun sí i. Ibi tí màá fọwọ́ sí nìkan ló kù.

Mo ní, "Sà, mo ti fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi yẹn kúrò nínú yàrá mi. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹni tó máa ka fọ́ọ̀mù yìí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí rẹ̀, kó ṣe é, màá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé sátẹ́láìtì yìí lọ sókè, omi ń wọ ilé tiwọn náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má wòkè mọ́."

"Ṣé ẹ ò ní fọwọ́ sí i?"

"Mi ò ní fọwọ́ sí i, sà."

"Ó dáa. Ẹ gbé e wá sí sẹ́mínà, níwájú gbogbo ẹ̀ka físíìsì. Mi ò ní gbèjà yín."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Mummy ni gbogbo wa máa ń pè wọ́n. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe igbákejì wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni igbákejì máa ń bá àwọn òbí ṣèpàdé.

"Aunty, ẹ rò ó wò," ni wọ́n sọ. "Ẹ máa di ìyá àgbà lọ́la lọ́tùn-únla. Ìwé wo lẹ tún fẹ́ kà? Ìràwọ̀ tí ẹ ò rí, tí kò mọ̀ yín."

"Mummy, ẹ ṣeun gan-an ni mà. Mi ò lè fi Sátidé mi sílẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe agídí nìyí?"

"Agídí ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ wọn. Mo padà sí kíláàsì, mo sì kọ́ àwọn ọmọ nípa ìgbì omi bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà náà, mi ò ní purọ́. Mo ti kọ ipò sílẹ̀, mo ti kọ fọ́ọ̀mù sílẹ̀, mi ò sì tíì ní ohun tí mo lè fi pa ọ̀gá mi lẹ́nu mọ́.

Ikọ́ bàbá mi ló bá mi wá ojútùú. Èéfín wẹ́dà tí wọ́n fà símú láti ìgbà èwe kò tíì tán lára wọn, bí ọyẹ́ bá sì ti dé, wọ́n á máa wúkọ́ títí omi á fi dà lójú wọn. Mo mú wọn lọ sí ọsibítù kan ní Alápẹ̀rẹ̀, dókítà ní ká lọ ya X-ray àyà. Ọmọbìnrin tó ń yàwòrán náà kí wọn, ó ní kí wọ́n fi àyà ti pátákó. Bàbá mi tóbi. Ó wò wọ́n lókè dé ilẹ̀, ó sì lọ yí nǹkan kan lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí lo ń yí yẹn?"

"Daddy sanra, mà. Èyí tí mo fi ya màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn ò ní lè gba ara wọn kọjá. Mo ní láti fi kún agbára rẹ̀."

"Tí o ò bá fi kún un ńkọ́?"

"Ara wọn á gbé e mì. Èyí tí ò lágbára, ara ló máa ń gbé e mì. Èyí tó lágbára ló ń kọjá. Daddy, ẹ mí sínú. Ẹ dá a dúró."

Bàbá mi dá èémí dúró. Èmi náà dá tèmi dúró, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ibi tó ní kí n dúró sí. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ, mo ń kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, mo ń fi í ṣe ìdánwò fún wọn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bi ìràwọ̀ mi ní ìbéèrè náà.

Gbogbo dátà tó wá láti sátẹ́láìtì ló ń sọ iye agbára tí ẹyọ X-ray kọ̀ọ̀kan ní. Mo ti ń da gbogbo wọn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, aláìlágbára àti alágbára, nínú ìlà kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣàṣìṣe, bó bá jẹ́ pé ó kàn ń pàdánù X-ray bí apẹ̀rẹ̀ tó jò, alágbára àti aláìlágbára á jọ dín kù ní ìwọ̀n kan náà. Bó bá sì jẹ́ pé nǹkan kan ló ń kọjá níwájú ìràwọ̀ náà lọ́hùn-ún, nǹkan tó nípọn bí ara bàbá mi, á gbé aláìlágbára mì, alágbára á kọjá.

Dókítà ní kò sí nǹkan bàbàrà ní àyà bàbá mi, wọ́n fún wọn ní oògùn, a sì padà sílé. Ó ku ọjọ́ méjì kí Sátidé pé. Mi ò rántí ohun tí mo kọ́ ẹnikẹ́ni láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn.

Nígbà tí Sátidé dé, mo pín dátà náà sí méjì. Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Mo jókòó tì í. Ìlà àwọn alágbára ló kọ́kọ́ jáde. Kòtò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kọjá kó má mọ̀. Mo ní kí ó ya ìlà àwọn aláìlágbára. Ó pẹ́, ó pẹ́, ó sì jáde.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ni, gbogbo rẹ̀ ló jìn bí kànga.

Mi ò mọ̀ pé mo ti kígbe àfi ìgbà tí bàbá mi dáhùn láti fáràńdà. "Kí ló fọ́?"

"Kò sí ohun tó fọ́, Bàámi! Nǹkan kan ń kọjá níwájú rẹ̀! Nǹkan kan wà níbẹ̀ lóòótọ́!"

Mo sáré jáde lọ ṣàlàyé fún wọn. Ohun tí òkú ìràwọ̀ náà ń fà lára èkejì máa ń rọ́ lu etí ohun gbígbóná tó ń yí bìrìbìrì, tó tẹ́ bí àwo yí i ká, ibi tó bá rọ́ lù á sì máa ń wú sókè bí òkìtì. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń yí ara wọn po, òkìtì yẹn náà ń yí, bó bá sì ti dé ọ̀gangan iwájú wa, á bo ìmọ́lẹ̀ náà fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bàbá mi tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

Wọ́n ní, "Nítorí òkìtì ni wọ́n ṣe fẹ́ lé ọ níléèwé?"

"Nítorí òkìtì ni, sà."

"Gbé e lọ bá wọn."

Ọjọ́ sẹ́mínà, yàrá náà kún ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka jókòó níwájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tó ti dàgbà sì wá láti yunifásítì mìíràn láti yẹ iṣẹ́ wa wò. Awò ojú wọn nípọn, wọ́n sì ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mi dìde láti fi mí hàn. Ó ní, "Madam ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ta kú lé lórí. Tiwọn ni o, kì í ṣe tèmi." Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi kòtò hàn wọ́n, mo fi ìrìn sátẹ́láìtì hàn wọ́n, mo fi ìlà méjì tí mo pín hàn wọ́n. Ẹ̀rín tán nígbà tí mo dé orí ìlà méjì yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo gbé dátà tí kò ní kòtò síta fúnra mi.

Olùkọ́ kan ní, "Ṣé ẹ rí i? Ibí yìí ni gbogbo àlàyé yín ti wó. Kí ló dé tí ẹ tiẹ̀ fi gbé e wá?"

"Nítorí mo rí i, sà."

"Kí wá ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ọ́. Bí mo bá yọ èyí tí kò gbè mí, kí ló kù láàárín èmi àti ẹni tó ní kí n dí kòtò?"

Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Mi ò wo apá ibi tí ọ̀gá mi jókòó sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò náà gbé bírò wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Madam, ẹnìkan ti rí kòtò yìí rí."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà?"

"Lára ìràwọ̀ yín yìí gan-an. Ó ti pẹ́. Ìwé kékeré kan ni wọ́n kọ, ojú ìwé bíi méjì. Ṣé ẹ ò kà á?"

"Mi ò kà á, mà. Mi ò rí i."

"Ó yẹ kí ẹ rí i. Ẹ óò wá a, ẹ óò sì kọ ọ́ síbi tó yẹ. Wọ́n sọ nínú rẹ̀ pé òkìtì náà kì í dúró lójú kan, pé ìgbà mìíràn wà tó máa ń wálẹ̀, tí kò ní bo nǹkan kan. Dátà yín tí kò ní kòtò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìgbà bẹ́ẹ̀ nìyẹn." Wọ́n yíjú sí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka. "Àwọn yẹn kò pín agbára rẹ̀ sí méjì bí Madam ṣe pín in. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti yọ nǹkan kan níbí."

Mo jókòó. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi ti ń sọ fún mi láti oṣù mélòó kan pé èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí wọ́n tó wá sọ fún mi pé ẹlòmíràn ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Ó dùn mí. Ó dùn mí fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, mo wá ìwé náà rí, mo kà á, mo sì rí i pé wákàtí tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ àti èyí tí mo kọ bá ara wọn mu. Àwọn tó kọ ọ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ẹni tí wọ́n lè bi léèrè. Èmi rí i nínú yàrá kan ní Ìkòsí, tí ẹni tó yẹ kó ràn mí lọ́wọ́ ń sọ pé kò sí níbẹ̀. Mi ò tijú mọ́. Kí ẹni tó bá rò pé ó yẹ kí n tijú máa bá tirẹ̀ lọ.

Mo yege. Wọ́n fún mi ní àtúnṣe púpọ̀, mo ṣe gbogbo rẹ̀, ọ̀gá mi sì fọwọ́ sí ìwé náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kó tó pàdé mi lójú àtẹ̀gùn.

"Madam, ẹ lágídí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gun àtẹ̀gùn kan, ó yíjú padà. "Ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fi pín agbára yẹn, ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí mi? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì á nílò rẹ̀."

Mo ní màá fi ránṣẹ́. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo kọ orúkọ mi sí òkè rẹ̀ gàdàgbà, ní lẹ́tà ńlá. Ó lò ó bẹ́ẹ̀, kò yọ ọ́.

Ẹlòmíràn ni Mummy fi ṣe igbákejì ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ dáadáa ni, mo sì bá a yọ̀. Èmi ṣì ń kọ́ wọn ní físíìsì. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ̀wé sí àwọn tó ń darí sátẹ́láìtì kan pé kí wọ́n bá mi yí ojú rẹ̀ sí ìràwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì wò fún ìgbà tó gùn tó, nítorí mo fura pé nǹkan kan ń bò ó. Wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń tọrọ pọ̀, àkókò kò tó, kí n má bínú.

Mi ò bínú. Mo ka ohun mẹ́ta tí wọ́n ní ó kù díẹ̀ káàtó nínú ìwé mi, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ẹ̀kẹta kì í ṣe òótọ́, mo sì ti kọ ojú ìwé kan gbáko láti sọ fún wọn pé kì í ṣe òótọ́. Ìparí oṣù yìí ni ilẹ̀kùn á tì fún àwọn tó fẹ́ tún tọrọ. Màá ti fi í ránṣẹ́ kó tó tì.